Omi Tó Ń Hó Kò Tíì Sọ Bí Ó Ṣe Gbóná Tó

Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ní Ìkéré-Èkìtì ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ̀wà olóyin ni mo máa ń sè ní àràárọ̀. Bí mo tilẹ̀ yí gáàsì sókè pátápátá, tí omi ń hó kùùkùù, wákàtí kan àti ààbọ̀ ló ń gbà kó tó rọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Èkó ní orí òkè tí a wà ló fà á, pé omi Èkìtì kì í gbóná tó ti Èkó. Ọmọ mi wá ra ìkòkò prẹ́ṣọ̀ fún mi. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti pa iná, mo ní kí n gbé irin orí rẹ̀ kúrò kí ooru lè tètè jáde, ni omi ẹ̀wà bá ń tú sókè títí tó fi kan àjà. Iná ti kú, kí ló tún ń hó? Ṣé kí n dá ìkòkò náà padà ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá, ẹ sì kú ewu. Ọpẹ́ ni pé àjà ló kàn, kì í ṣe ojú yín. Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ yín: iná tí ẹ yí sókè, òkè tí àbúrò yín sọ, àti ìkòkò tó tú. Ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. A máa ń rò pé bí omi bá ti ń hó, ó ti gbóná dé góńgó, àti pé omi tó dákẹ́ kò lè gbóná tó èyí tó ń hó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi lè máa hó ní 70 dígírì, ó sì lè wà ní 118 dígírì kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí omi inú àmù. Ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ló ń pinnu èyí tó máa ṣe.

Ẹ gbé omi lásán kaná lọ́jọ́ kan, kí ẹ má dé e, kí ẹ kàn máa wò ó. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ìhó wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Híhó kọ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ti pò mọ́ omi tẹ́lẹ̀ ló ń jáde, nítorí omi gbígbóná kì í lè gba afẹ́fẹ́ mọ́ra tó omi tútù. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìhó ooru ló ń dìde láti ìdí ìkòkò níbi tí iná ti ń jó o. Yóò gòkè díẹ̀, yóò bá omi tí kò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀ pàdé, yóò sì fọ́ padà di omi kó tó dé òkè. Fífọ́ yẹn lẹ ń gbọ́. Nígbà tí omi bá gbóná dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dókè, ìhó á máa dé òkè láìfọ́, kíkùn á rọlẹ̀, omi á wá máa hó gan-an. Ìyá àgbà tó jókòó sí yàrá, tó ń ké pé "omi yẹn ti fẹ́ hó o," etí ló fi mọ̀.

Kí ló wá ń fọ́ ìhó wọ̀nyẹn? Ẹrù afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní ìwúwo bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í mọ̀ ọ́n lára. Létí òkun, ó ń tẹ gbogbo nǹkan bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù kílò kan lé ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná ìka lọ. Kí ìhó ooru tó lè dúró nínú omi, ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ti ẹrù yẹn padà. Bí omi ṣe ń gbóná sí i ni agbára ooru ń pọ̀ sí i, ibi tí òun àti ẹrù afẹ́fẹ́ bá ti wọ̀n dọ́gba ni omi ti ń hó. Létí òkun, 100 dígírì ni. Ẹ dín ẹrù náà kù, omi á hó kó tó dé 100. Ẹ fi kún un, omi á kọjá 100 láìhó. Agbára tó ń tẹ nǹkan báyìí ni wọ́n ń pè ní prẹ́ṣọ̀, òun náà ni wọ́n fi sọ ìkòkò yín lórúkọ.

Iná tí ẹ ń yí sókè ńkọ́? Bí omi bá ti ń hó nínú ìkòkò lásán, ìgbóná rẹ̀ ti dópin. Ẹ sọ iná di méjì, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta, kò ní fi dígírì kan kún un. Iṣẹ́ tí iná tó lé yẹn ń ṣe ni pé ó ń sọ omi di ooru, ooru náà sì ń gba ojú fèrèsé lọ. Iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Bí iná kan bá lo ìṣẹ́jú 10 láti gbé lítà omi kan kúrò ní 25 dígírì dé ibi híhó, iná yẹn kan náà yóò lò ju ìṣẹ́jú 70 lọ kó tó gbẹ omi ọ̀hún tán. Ibẹ̀ ni owó gáàsì yín ń bá lọ. Ẹ̀wà tó wà nínú omi tó rọra ń hó àti èyí tí omi rẹ̀ ń fò kùùkùù, ìgbóná kan náà ló ń jẹ àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹ ó máa bu omi sí ìkejì léraléra. Bó bá ti hó, ẹ yí iná wálẹ̀ títí tí ìhó yóò fi máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dé e. Ìdérí lásán kì í fi prẹ́ṣọ̀ kan gbòógì kún un, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dí, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru gbé ìgbóná sá lọ, ẹ ó sì rí i pé iná kékeré á tó o. Àwọn kan á ní kí ẹ fi iyọ̀ sí omi kó lè gbóná sí i. Kí lítà omi kan tó lè fi dígírì kan péré lé sókè, iyọ̀ inú rẹ̀ á tó 58 gíráàmù, ìyẹn ju ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lọ. Ta ni yóò jẹ ẹ̀wà yẹn?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ òkè. Àbúrò yín kò parọ́, ó kàn fẹ ọ̀rọ̀ lójú ni. Adó-Èkìtì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 450 mítà, Ìkéré kò sì jìnnà sí i. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó kù lókè orí rẹ̀ ń dín kù, ẹrù á fúyẹ́, omi á sì tètè hó. Ìdínkù náà tó dígírì kan fún nǹkan bí 300 mítà. Nítorí náà, nígbà tí omi ń hó ní 100 ní Èkó, ní nǹkan bí 98 àti ààbọ̀ ni tiwa ń hó. Ní Jos, tó lé ní 1,200 mítà, 96 ni. Lórí òkè Everest tó jẹ́ 8,849 mítà, omi ń hó ní nǹkan bí 70, ẹni tó bá sì fẹ́ se ẹ̀wà níbẹ̀ nínú ìkòkò lásán á ṣe é tì. Ṣùgbọ́n kí ni dígírì kan àti ààbọ̀ lè ṣe sí ẹ̀wà Ìkéré? Òṣùwọ̀n àfojúdá kan wà: bí ìgbóná bá fi 10 dígírì lọ sókè, oúnjẹ á yá ní rírọ̀ tó ìlọ́po méjì. Bí a bá fi ìyẹn ṣe ìṣirò, ohun tó yẹ kó gba wákàtí kan ní Èkó á fi ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje lé e lọ́dọ̀ wa. Kò lè sọ wákàtí kan di wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ má jẹ́ kí òkè gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó ti pẹ́ nínú àpò, pàápàá níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti ń bá a jà, máa ń le débi pé kò sí iná tó lè tètè rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi. Omi kànga tó ní ẹfun ilẹ̀ nínú, irú èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, máa ń mú èèpo ẹ̀wà le. Ẹ lè dán an wò láìná owó: ẹ bu ẹ̀wà kan náà sí ìkòkò kékeré méjì, ẹ fi omi kànga se ọ̀kan, ẹ fi omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá se ìkejì, kí iná wọn dọ́gba. Bí wọ́n bá jinná pọ̀, omi kọ́. Tòmátì náà ń fa ọwọ́ ẹ̀wà sẹ́yìn nítorí kíkan inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ tán kí ẹ tó da ọbẹ̀ lé e. Káún ń mú un rọ̀ kíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́. Èmi kì í gba olóúnjẹ níyànjú pé kó fi ṣe àṣà. Kí ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, kí ẹ da omi rẹ̀ nù láàárọ̀, ó dára ju káún lọ.

Ìkòkò prẹ́ṣọ̀ ni òdìkejì òkè. Òkè ń gbé ẹrù kúrò lórí omi, ìkòkò yìí ń dì í lẹ́rù. Rọ́bà inú ìdérí kò jẹ́ kí ooru rí ẹ̀gbẹ́ sá gbà, ooru á máa pọ̀ nínú ìkòkò, á máa tẹ omi, omi kò sì ní lè hó bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìgbóná rẹ̀ á máa gòkè. Irin tó wà lórí ihò ni òṣùwọ̀n: ìwúwo rẹ̀ ló ń sọ iye prẹ́ṣọ̀ tí ìkòkò lè gbà kí ooru tó gbé irin náà, kó sì súfèé jáde. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jà, prẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìta, ìgbóná rẹ̀ sì wà láàárín 117 sí 120 dígírì. Ẹ padà sí òṣùwọ̀n àfojúdá wa. Dígírì 20 lé sókè jẹ́ ìlọ́po méjì lọ́nà méjì, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ló máa gbà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ yín á di nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, kì í ṣe láti ìgbà tí ẹ dáná. Bó bá sì ti súfèé, ẹ yí gáàsì wálẹ̀. Níbí yìí náà, iná ńlá kò ní mú un gbóná sí i, irin yẹn kò ní gbà. Omi nìkan ni yóò máa sá jáde títí ẹ̀wà yóò fi jóná.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Bí irin tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yọ, ẹ má tíì gbé e lé ihò nígbà tí ẹ bá gbé ìkòkò kaná. Ẹ dúró títí ooru yóò fi máa jáde gbọnrangandan lójú ihò, ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ tó gbé irin lé e. Afẹ́fẹ́ inú ìkòkò ló ń lé jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, òun àti ooru á jọ máa ti irin náà, irin á súfèé nígbà tí omi kò tíì gbóná dé ibi tó yẹ, ẹ ó sì máa sọ pé ìkòkò yìí kò ṣiṣẹ́ bíi ti àná.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọjọ́ tó tú. Nígbà tí ẹ pa iná, omi inú ìkòkò wà ní nǹkan bí 118 dígírì. Kò hó, nítorí prẹ́ṣọ̀ dì í mú. Bí ẹ ṣe gbé irin kúrò, ẹrù orí rẹ̀ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ti afẹ́fẹ́ Ìkéré, níbi tí omi ti ń hó ní nǹkan bí 98 àti ààbọ̀. Omi yẹn ti fi nǹkan bí 20 dígírì kọjá ibi híhó, kò sì nílò iná kankan mọ́. Ìgbóná tó wà lára rẹ̀ tó o ná. Gbogbo rẹ̀ ló hó lẹ́ẹ̀kan, láti ìdí dé òkè. Bí ó bá jẹ́ lítà mẹ́ta, èyí tó máa di ooru lójijì kò ju nǹkan bí 110 mílílítà lọ, kò tó ìdajì ife. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá di ooru, ó ń wú ju ìlọ́po 1,600 lọ. Ìdajì ife yẹn di nǹkan bí lítà 190, ó kù díẹ̀ kó kún dúrọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́ gba ojú ihò tí kò fẹ̀ tó ọ̀pá bírò kọjá. Ẹ̀wà tún máa ń ní ìfófó tó ń fà bí àwọ̀n, tó ń gbé omi àti èèpo dání bí ooru bá ń sáré. Bó ṣe kan àjà nìyẹn. Ìkòkò yín kò ní àbùkù kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wò ó dáadáa, òfin tó mú kí omi tètè hó ní Èkìtì ju Èkó lọ náà ló tú u, àyàfi pé ìkòkò yín gun òkè ńlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nítorí náà, lórí ẹ̀wà àti ohunkóhun tó bá ń fófó, bí ẹ bá ti pa iná, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má ka àkókò yẹn sí òfo, ẹ̀wà ń jinná lọ nínú rẹ̀. Ẹ lè pa iná ní ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ṣíbí gígùn ti irin náà díẹ̀. Bó bá ṣì ń fẹ́ "ṣìì", ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá dún mọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tó ṣí ìdérí. Bí ìdérí bá lẹ̀ pinpin lẹ́yìn tó ti tutù pátápátá, tí irin ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ tú u: ooru inú rẹ̀ ló ti padà di omi, inú ìkòkò ṣófo, afẹ́fẹ́ ìta sì ń tẹ ìdérí mọ́lẹ̀. Ẹ yọ irin kí afẹ́fẹ́ wọlé, á tú fúnra rẹ̀. Dída omi tútù sára ìkòkò ń mú kó tètè rọlẹ̀, àwọn kan ń ṣe é fún ẹran, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ fún ẹ̀wà. Bí prẹ́ṣọ̀ bá ṣe ń já ni ẹ̀wà á tún máa hó nínú, ìfófó rẹ̀ á lọ dí ihò.

Ihò yẹn gan-an ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù, ju omi tó tú lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀wà àti omi kọjá ìdajì ìkòkò láéláé, nítorí ìfófó. Ṣíbí epo pupa kan nínú rẹ̀ á dín ìfófó náà kù. Kí ẹ tó lò ó lójoojúmọ́, ẹ gbé ìdérí sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi ojú ihò wo ọ̀run. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ kedere, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tì í kọjá. Ẹ tẹ rọ́bà rẹ̀ yípo láti mọ̀ bóyá ó ti gan tàbí ó ti là. Ihò kékeré mìíràn tún wà tí wọ́n fi rọ́bà tàbí irin rírọ̀ dí: ibẹ̀ ni prẹ́ṣọ̀ máa gbà sá bí ihò ńlá bá dí. Bó bá já lọ́jọ́ kan, ẹ ra òmíràn tó bá ìkòkò yẹn mu. Ẹni tó bá fi ìṣó tàbí igi dí i ti sọ ìkòkò di bọ́ǹbù. Bí iná bá sì ń jó lábẹ́ rẹ̀, tí irin kàn dákẹ́ lójijì lẹ́yìn tó ti ń súfèé, ẹ pa iná láti ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò níbẹ̀ títí yóò fi tutù. Bóyá omi ti tán, bóyá ihò ti dí, kò sí èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò.

    

Ó ku ọ̀rọ̀ bóyá kí ẹ máa lo ìkòkò náà lọ. Fún ilé, bẹ́ẹ̀ ni, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún ìsọ̀, ẹ ṣe ìṣirò. Ìkòkò lítà 7 kò gbọ́dọ̀ gba ju lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ẹ̀wà àti omi lọ, bí ẹ bá sì ń bu ẹ̀wà fún 60 ènìyàn láàárọ̀, ẹ ó sè é nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó sì máa dúró kó rọlẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Rírẹ ẹ̀wà lálẹ́, ìkòkò ńlá tó ní ìdérí tó bò ó dáadáa, àti iná kékeré lè dára jù fún yín lórí iye yẹn. Ohun kẹta tún wà tí kò wọ́n: ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tí ẹ ti rẹ hó fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ pa iná, kí ẹ gbé ìkòkò pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú agbọ̀n tí ẹ fi aṣọ nípọn àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tẹ́, kí ẹ bò ó pinpin fún wákàtí méjì. Ìgbóná tó wà nínú rẹ̀ á máa sè é lọ. Kò ní rọ̀ tán bí ẹ̀wà bá ti gbó jù, ẹ ó sì gbé e padà kaná kó tún hó kí ẹ tó tà á, ṣùgbọ́n gáàsì tó máa jẹ kò ní tó nǹkan. Ẹ má dá ìkòkò padà fún ọmọ yín. Ẹ kàn ra rọ́bà kan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì so ẹyọ ìgbálẹ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.